Ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn Hep C máa ń ba kíndìnrín jẹ́? Ẹ gbà mí o

Ọmọ Obòkun:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n eléyìí ti kọjá agbára mi. Bàbá mi, ẹni ọdún 67, fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe gbogbo tẹ́ẹ̀sì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Hep C, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lára wọn. A kọ́kọ́ rò pé lábù ṣe àṣìṣe ni, wọ́n tún ṣe èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò yẹn gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, ó wà ńbẹ̀. Dókítà wá kọ sofosbuvir àti velpatasvir tó wà nínú hóró kan náà, ẹyọ kan lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 12. Inú wa ti ń dùn pé ó lóògùn, àfi bí a ṣe délé tí ẹnì kan ládùúgbò tó máa ń ta oògùn sọ fún màmá mi pé "ẹ má jẹ́ kí bàbá lo nǹkan yẹn o, kíndìnrín wọn ló máa bá lọ". Láti ọjọ́ náà màmá mi ti kó oògùn sínú àpótí aṣọ, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kọ́kọ́rọ́ wà nídìí ìró wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kíndìnrín bàbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, creatinine wọn (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù) jẹ́ 1.8, eGFR tí wọ́n kọ síwájú bébà lábù (bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, tó bá ti kéré kò dáa) jẹ́ 41. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, ṣé òtítọ́ ni?

Apòògùn Mọ́kọ́lá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọmọ Obòkun. Ẹ lọ rọ màmá kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ò dédé parọ́ o, ó gbọ́ nǹkan ni, kò gbọ́ ọ tán. Oògùn tí gbogbo ayé ń sọ pé ó lè yọ kíndìnrín lẹ́nu ni tenofovir, èyí tí wọ́n ń pè ní TDF, àwọn tó ní Hep B tàbí HIV ni wọ́n máa ń kọ ọ́ fún. B ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju C lọ, òun làwọn èèyàn mọ̀, tí wọ́n bá ti gbọ́ "oògùn hẹpatáítìsì" wọ́n ti rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Àrùn ọ̀tọ̀, oògùn ọ̀tọ̀.

Sofosbuvir náà wá ní ìtàn tiẹ̀ o. Nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù Kejìlá 2013, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ò tíì lè sọ iye tó yẹ kí ẹni tí eGFR ẹ̀ ò tó 30 lò. Ìdí ni pé tí oògùn yẹn bá dénú ara, ara á tú u palẹ̀, èyí tó kù lẹ́yìn ẹ̀ kíndìnrín ló ń bá ìtọ̀ dà á nù, nǹkan bíi 80 nínú 100 ló ń gba ojú ìtọ̀ jáde. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀, nǹkan yẹn á máa gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Wọ́n wá ń lò ó, wọ́n ń ṣọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n rí i pé gbígbára jọ yẹn ò pa wọ́n lára bí wọ́n ṣe rò, ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, bá yí ìwé náà padà ní 2019. Ní báyìí, iye kan náà ni ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ dá ṣáká ń lò àti ẹni tó ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ torí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwé 2013 làwọn èèyàn ṣì ń kà síra wọn létí.

Bàbá tó ní 41, wọn ò tiẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n bẹ̀rù fún nígbà yẹn pàápàá.

Ewé ń jẹ́:
Ẹ ò rí i pé oògùn òyìnbó, wọ́n á kọ ọ́ lónìí wọ́n á pa á rẹ́ lọ́la. Mo ní àgbo kan tó ń fọ ẹ̀dọ̀ tó ń fọ kíndìnrín pa pọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kòkòrò á bá ìgbẹ́ jáde, àwọn tó ti lò ó ń dúpẹ́. Ọmọ Obòkun ẹ wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù:
Ha, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ bá ìgbẹ́ jáde? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ á ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní London, kílíníìkì ẹ̀dọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ò bá ewé jà o, ewúro wà nínú fírísà mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti wà ní 41, àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí a ò mọ bó ṣe le tó, òun gan-an ló yẹ kí màmá tì mọ́ àpótí. Nínú àwọn tí mo ti rí tí creatinine wọn fò sókè láàárín ìtọ́jú, tí a bá jókòó tì wọ́n tí a fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò dáadáa, a máa ń rí ìgò kan níbì kan.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni pé Hep C fúnra ẹ̀ máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn kan wà tí ara wọn bá kòkòrò yẹn jà títí, ẹ̀jẹ̀ wọn wá ń ṣe nǹkan kan tó máa ń dì tí òtútù bá mú un, cryoglobulin ni wọ́n ń pè é, nǹkan yẹn á lọ há sínú àwọn asẹ́ kéékèèké tó wà nínú kíndìnrín. Ẹsẹ̀ á máa wú, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ, nígbà míì ó lè pọ́n. Torí náà tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ lo oògùn kí kíndìnrín má baà bàjẹ́, ẹ rántí pé kòkòrò yẹn ò sinmi ní tiẹ̀. Ẹ bi bàbá bóyá ìtọ̀ wọn máa ń hó tó sì máa ń pẹ́ kó tó palẹ̀, kí lábù sì wo púrótéènì inú ẹ̀.

Àti pé àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ kíndìnrín ò yẹ kó jẹ́ àwàdà sí wa. Àyípadà kan wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOL1, ó pọ̀ lára wa gan-an, ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín ẹ̀ tètè máa ń rẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Àǹfààní kan ló jẹ́ kó pọ̀ lára wa, ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni. Àwọn bàbá ńlá wa bọ́ lọ́wọ́ eṣinṣin, kíndìnrín àwa wá ń san owó ẹ̀.

Ewé ń jẹ́:
Mo ti gbọ́ àǹtí. Àgbo tèmi ò ní nǹkan kan tó le nínú ṣá.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù:
Ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ síbí ká rí i.

Jẹ́jẹ́ laiyé:
(Ẹ̀gbọ́n ti sá lọ 😂)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ l'Ékòó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà tówó bá wà. Mi ò ní Hep C nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ó wà nínú bébà mi pé mi ò ní i, lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́jọ wọ́n tún ṣe tẹ́ẹ̀sì, mo ti ní i. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti kó o, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ẹ kàn máa wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn yín bóyá ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́.

Èmi náà gbọ́ pé oògùn yẹn á pa mí. Mo ní kíndìnrín wo ló kù tó fẹ́ bàjẹ́? Sofosbuvir pẹ̀lú velpatasvir yẹn náà ni mo lò. Alaalẹ́ ni mo ń lò ó kí n má baà gbàgbé, ọjọ́ ẹ̀rọ o, ọjọ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ o. Orí fọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó rẹ̀ mí díẹ̀, àmọ́ ṣé ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ máa ń mọ ìyàtọ̀ àárẹ̀ kan sí òmíì ni? Ọ̀sẹ̀ 12 pé, a tún dúró fún ọ̀sẹ̀ 12 míì, wọ́n wá kòkòrò náà tì. Ó ti di ọdún kan ààbọ̀ báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo ti àtijọ́, abẹ́rẹ́ interferon pẹ̀lú ribavirin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan gbáko lórí ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń bínú sí gbogbo èèyàn. Ribavirin yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù tí kíndìnrín bá ti rẹ̀, kì í tètè jáde lára, á wá máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Tí dókítà bá fẹ́ fi kún ti bàbá, ẹ bi í pé kí ló dé, kí sì ni iye tó máa dín kù sí.

Tẹ̀gbọ́n Houston:
Ẹ máa wò ó, nígbà tí sofosbuvir kọ́kọ́ dé síbí, hóró kan ṣoṣo $1,000 ni, ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ $84,000. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wakọ̀ ńlá ní òun á tà mọ́tò òun kí òun tó rí ìlàjì ẹ̀. Lọ́dún 2014 ni Íjíbítì rí i gbà ní $300 lóṣù, wọ́n fi ń wo àwọn èèyàn wọn, ìdá àwọn tó ní àrùn yẹn láàárín wọn ló ga jù láyé nígbà náà torí abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá tí wọ́n ń fi ọ̀pá abẹ́rẹ́ kan náà gún gbogbo abúlé láyé àtijọ́. Ọdún yẹn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ní Íńdíà gba àṣẹ láti máa ṣe é, ìyẹn ló jẹ́ kí àwa náà máa rí i rà. Ẹ má jẹ́ kí màmá tì í mọ́ àpótí o, ẹ ò mọ ohun tójú àwọn kan rí kí wọ́n tó rí i.

Ẹ má bi mí lórúkọ:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń lo oògùn HIV, TLD, èyí tí tenofovir wà nínú ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mo ní Hep C náà, oògùn kan náà bíi ti bàbá ni wọ́n kọ fún mi. Ṣé kí n pa méjèèjì pọ̀?

Apòògùn Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè, torí ibi tí ọ̀rọ̀ kíndìnrín ti wọlé gan-an nìyí. Velpatasvir máa ń jẹ́ kí tenofovir pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ledipasvir, oògùn Hep C míì, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fúnra yín dá oògùn HIV dúró o, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ má dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà méjèèjì, ti HIV àti ti ẹ̀dọ̀, kí wọ́n mọ̀ nípa ara wọn. Tí kíndìnrín yín bá dáa, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa wo creatinine àti ìtọ̀ yín lemọ́lemọ́. Tí kò bá dáa tó, wọ́n lè yí TDF sí TAF, irú tenofovir míì tó rọrùn fún kíndìnrín, tàbí kí wọ́n yan oògùn Hep C míì. Ọ̀sẹ̀ 12 péré ni, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ.

Ẹ má bi mí lórúkọ:
Dókítà méjèèjì ò tiẹ̀ sí nílé ìwòsàn kan náà. Mo máa fi fóònù ya fọ́tò ìwé kan han èkejì. Ẹ ṣé gan-an.

Ọmọ Obòkun:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí màmá mi létí, pàápàá ti ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ́kọ́rọ́ ti jáde. Mo wá ní kí bàbá mi kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò síwájú mi, gbogbo ẹ̀ pátá. Lisinopril àti amlodipine ti ẹ̀jẹ̀ ríru, metformin ti ṣúgà, ìyẹn mo mọ̀. Omeprazole, wọ́n ní àyà máa ń ta wọ́n, àràárọ̀ ni wọ́n ń lò ó. Mo ní ṣé ó tán? Wọ́n ní ó tán. Màmá mi kàn bojú wo fìlà tó wà lórí ìṣó. Mo gbọn fìlà, diclofenac já bọ́, sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, méjì ti ṣófo, ti orúnkún ni wọ́n ní, "ẹyọ kan láàárọ̀ ẹyọ kan lálẹ́ ni mo kàn ń lò". Láti ìgbà wo? Láti ọdún àná! Ìgò sínáàpù aláwọ̀ ewé kan wá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àgbo jẹ̀dí, ìdajì ti lọ.

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù:
Mo sọ àbí mi ò sọ? Ìgò kan níbì kan.

Apòògùn Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́pàá inú ilé. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Diclofenac yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ń lo lisinopril, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí eGFR ẹ̀ jẹ́ 41, tó wá ń gbé diclofenac lójoojúmọ́ fún ọdún kan, kí lẹ tún ń wá ẹni tó ń ba kíndìnrín jẹ́ sí? Ó wà nínú fìlà. Ibuprofen náà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Paracetamol ni kí wọ́n bi dókítà nípa ẹ̀ fún orúnkún yẹn, iye rẹ̀ náà ní ìwọ̀n nítorí ẹ̀dọ̀, tàbí ìpara tí wọ́n ń fi pa á lójú ara. Àgbo jẹ̀dí, tí ìgbẹ́ bá ń ya wọ́n lórí ẹ̀ omi ara wọn á lọ, kíndìnrín ò sì fẹ́ ẹni tómi ti gbẹ lára ẹ̀.

Ní ti omeprazole, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí velpatasvir wọ ara. Velpatasvir fẹ́ kí omi kíkan (ásíìdì) díẹ̀ wà nínú ikùn kó tó yọ́, omeprazole sì ti lé kíkan yẹn lọ. Èèyàn á lo oògùn ọ̀sẹ̀ 12 kó máà ṣiṣẹ́. Tí dókítà bá gbà pé wọ́n lè fi omeprazole sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó dáa jù bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, miligíráàmù 20 ni kó mọ, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn Hep C pẹ̀lú oúnjẹ náà, kí wákàtí mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ kan omeprazole. Àwọn oògùn inú funfun tí wọ́n ń mì pọ̀ kí wọ́n tó mu, wákàtí mẹ́rin ni kí wọ́n fi jìnnà sí i náà.

Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Tí kòkòrò yẹn bá ti ń kúrò lára, ṣúgà máa ń wálẹ̀ lára àwọn kan, oògùn ṣúgà tó ti tó wọn tẹ́lẹ̀ á wá pọ̀ jù. Kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ kékeré yẹn wo ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó léwu jù fún ẹni tó ń gún insulin.

Ìbéèrè kan ṣì kù, ó sì ṣe pàtàkì: ṣé wọ́n wo Hep B pẹ̀lú? Àwọn kan wà tí B sùn sí lára, tí wọ́n bá ti lé C jáde B á jí, ó lè fọ́ ẹ̀dọ̀. Oṣù Kẹwàá 2016 ni FDA fi ìkìlọ̀ yẹn sínú ìwé gbogbo oògùn wọ̀nyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn. Ẹni tó bá sì ń lo amiodarone fún ọkàn, kó sọ ọ́ jáde kó tó gbé sofosbuvir sẹ́nu, ọkàn ti fà sẹ́yìn fún àwọn kan títí wọ́n fi dákú.

Ọmọ Obòkun:
Wọ́n wo B, kò sí. Kò sí amiodarone náà. Ẹ ṣé ma.

Àbúrò Kútọnu:
Èmi wà ní Kútọnu. Oògùn míì ni wọ́n dárúkọ fún ìyàwó mi, glecaprevir àti pibrentasvir. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, èwo ló rọrùn fún kíndìnrín jù nínú méjèèjì?

Ìyá Ìbejì Pẹ́kámù:
Èyí tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ̀dọ̀ ló ń dà á nù, díẹ̀ báyìí ló ń gba ojú kíndìnrín. Wọ́n dán an wò lára àwọn 104 tí kíndìnrín wọn ti burú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fọ ẹ̀jẹ̀, 98 nínú 100 ni àrùn náà lọ lára wọn. Hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ torí pé ẹ̀dọ̀ ló ń dà á nù, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́ débi tí omi ti gba inú ẹ̀, tí ojú ẹ̀ pọ́n bí epo, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni bẹ́ẹ̀, ti sofosbuvir ni wọ́n máa ń kọ. Kò sí èyí tó dáa jù nínú méjèèjì, ibi tó ti rẹ ìyàwó yín ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Tó bá ń lo atorvastatin tàbí simvastatin fún ọ̀rá, kó sọ fún wọn, ìyẹn ò bá glecaprevir rẹ́.

Ọmọ Obòkun, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún wo creatinine bàbá, lábù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lọ, kí wọ́n má jẹ ẹran rẹpẹtẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n mu omi bó ṣe yẹ. Mo mọ bàbá kan tó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ kejì ìnáwó, creatinine ẹ̀ ga, gbogbo ilé sunkún, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó ti padà síbi tó wà. Ẹ wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ wò ó tó bá parí. Ẹ to bébà wọn síra, nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tíì sọ nǹkan kan.

Ọmọ Obòkun:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kẹrin lórí oògùn, creatinine wọn jẹ́ 1.5. Dókítà ní diclofenac tí wọ́n fi sílẹ̀ ló fà á. Àná ni wọ́n gbé hóró tó kẹ́yìn. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, wọ́n ń fi ìpara pa á, wọ́n ń bú mi. Wọ́n ti fún wa lọ́jọ́ tí a máa padà wá ṣe tẹ́ẹ̀sì kòkòrò náà, ọ̀sẹ̀ 12 sí àná.

Jẹ́jẹ́ laiyé:
A dúpẹ́ o. Ẹ rántí, èyí tó ń wá kòkòrò gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ má ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn. Ti àkọ́kọ́ yẹn, òjìji ẹ̀ nìkan ló ń rí, ìyẹn ohun tí ara ṣe láti fi bá kòkòrò jà, títí di òní tèmi ṣì ń sọ pé mo ní i, lábù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí sẹ́rù.

Ewé ń jẹ́:
Ẹ kú oríire. Ìgò àgbo yẹn ńkọ́?

Ọmọ Obòkun:
Màmá mi ti fọ̀ ọ́. Epo pupa ló wà nínú ẹ̀.